Ìbọn Tó Ń Há Mọ́ Husainat Lọ́wọ́

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tí ìbọn náà há. Kòròfo ọta kò fò jáde. Ó dúró ṣánṣán lẹ́nu ihò rẹ̀. Husainat gbé ìbọn ìléwọ́ náà sórí tábìlì, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí iwájú, ó sì na ọwọ́ sókè kí olùdarí pápá lè rí i.

Mùnírù, ọkọ rẹ̀, ti dìde lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

Ọjọ́ Sátidé ni, ní pápá ìyìnbọn kékeré kan lẹ́yìn ìlú Balbriggan, lẹ́bàá Dublin, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ayìnbọn ibẹ̀ ń yan àwọn mẹ́rin tí yóò lọ sí ìdíje. Husainat ti ń lé ipò yẹn láti ọdún mẹ́ta. Bí ìbọn ẹnìkan bá há lẹ́ẹ̀mẹta, olùdarí yóò kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Bí ó bá kọ pé ìbọn ló bàjẹ́, wọn yóò fi ipò ẹni náà dè é di ọdún tó ń bọ̀. Bí ó bá kọ pé ẹni tó ń yìn ín ló ní àṣìṣe, òdo ni, orúkọ rẹ̀ yóò sì kúrò lára èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ó ti tó oṣù méjì tí ìbọn náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní ìwé àṣẹ rẹ̀, àmọ́ Husainat ló ń yìn ín. Mùnírù, tó ń tún fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, ṣe ní Ballycoolin, ló ń tọ́jú rẹ̀. Orí tábìlì ìdáná wọn ní Ballymun ló ti ń tú u. Ó fọ ihò tí ọta ń wọ̀, nítorí ọta kékeré irú èyí máa ń fi ọ̀rá àti òjé sílẹ̀ níbẹ̀. Ó pààrọ̀ sípíríǹgì tó ń ti ọta sókè. Ó ra ọta tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí èyí tí kò lágbára kì í ti irin orí ìbọn sẹ́yìn tán. Bó bá ti parí, á ju irinṣẹ́ sínú àpótí, á bú ẹni tó ṣe ìbọn, á bú ẹni tó tà á. Husainat á jókòó tì í, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́ọ̀pù tíì.

"Bàbá Nàbílà, ìbọn kò gbọ́ Yorùbá o."

"Á gbọ́ tó bá yá."

Ní àárọ̀ Sátidé yìí, Nàbílà ọmọ wọn ló wà wọ́n wá. Òun ló bá ìyá rẹ̀ fi píìnì sí ìborùn nínú mọ́tò. Ìyá rẹ̀ ní òtútù ti mú ìka òun.

Michelle, tó ń yìnbọn ní ẹ̀gbẹ́ Husainat, yíjú padà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ó lè jẹ́ bó ṣe ń dì í mú ni. Bí ọrùn ọwọ́ bá dẹ̀, irú ìbọn yìí máa ń há. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yìn ín wò.

Mùnírù fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìbọn náà.

"Ta ló bi ọ́?"

Ó ní kó kọjú sí ibi tó ń yìnbọn sí. Ó ní ìyàwó òun ti mọ ìbọn dì mú kí Michelle tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ojú Michelle pọ́n. Nàbílà bo ojú ara rẹ̀.

"Da, would you ever stop."

Bàbá rẹ̀ ti yíjú sí Michael olùdarí, tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá. Ẹni àádọ́rin ọdún ni Michael, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni wọ́n ti ra ìbọn náà. Mùnírù na ìka sí i láàrin gbogbo ènìyàn.

"Ìwọ lo ta pàǹtí yìí fún ìyàwó mi."

Ó pè é ní oníjìbìtì. Ó ní kò sí ọmọ Nàìjíríà kan ní Dublin tí kò ní gbọ́. Ó ní ọdún mẹ́ta ni obìnrin yìí fi ń jí wá síbí nínú òjò, kí Michael wá sọ fún òun ohun tí òun máa wí fún un nílé. Ó fi ìkúùkù lu tábìlì, páálí ọta dànù. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà gbé ìbọn wọn sílẹ̀.

Michael kò gbé ohùn sókè. Ó ní ẹ̀bi òun ni, ó yẹ kí òun ti mọ̀. Kò gbé ìbọn náà wò. Ó ṣí ìwé, ó kọ ọ́, ó sì kà á kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ìbọn ló bàjẹ́. Ipò rẹ ń dúró dè ọ́, Husainat."

Láti ìgbà tí Michelle ti sọ̀rọ̀ ni Husainat ti ń wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀. Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀ wàyí, ó wo ìbọn náà, inú sì bí i. Ó pòṣé. Ó ní kí wọ́n lọ fi ṣe irin tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró.

Lẹ́yìn náà ló súnmọ́ ọkọ rẹ̀.

"Àgbàlagbà lẹ bú báyẹn. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́."

Mùnírù ní òun kò lọ. Husainat fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ Michael nítorí ẹnu ọkọ rẹ̀. Michael ní grand ni, ó ti tán, kò sí wàhálà, ó sì yára yíjú sí ògiri. Husainat bá Nàbílà lọ sídìí mọ́tò, ó ń sọ irú ìbọn tí òun máa rà fún ọdún tó ń bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, nígbà tí pápá náà ṣófo, Mùnírù ti yin àádọ́ta ọta nínú ìbọn kan náà, Michael ti yin àádọ́ta, ọ̀kankan kò há. Mùnírù wá sọ fún un pé báyìí ni ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, pé ọjọ́ Ajé ni òun máa mú ìyàwó òun lọ rí dókítà, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fẹnu kò lórí ẹni tí yóò bú èkejì bí ìbọn bá há ní Sátidé.