Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Kẹrin

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kẹrin kò sí lórí ìṣó rẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ wo pátákó tó wà ní yàrá sẹ̀kúríìtì lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò. Ti ọkọ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta àti ìkarùn-ún wà níbẹ̀, tirẹ̀ nìkan ni kò sí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń fi ọkọ̀ yẹn kó ọmọ iléèwé. Ìyá Bọ́ọ̀sì làwọn ọmọ ń pè é, òun náà sì máa ń fọ́nnu pé òun ò fi ọkọ̀ gbá nǹkan kan rí.

Inú tó ti ń bí i láti ilé wá ru sókè. Kó tó jáde láàárọ̀, ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé o tún ń lọ ni?" Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Irú ìbéèrè wo nìyẹn fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́?

Lóòótọ́, ara rẹ̀ kò yá láìpẹ́ yìí. Kòkòrò àrùn tí ojú kò rí, èyí tó ń ti ara ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíì, dá a dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́tàlélógún, pẹ̀lú rọ́bà atẹ́gùn nímú. Dókítà ní àrùn ti lọ. Ohun tó fi sílẹ̀ ni kò lọ. Lóru, á nà gbalaja, ojú rẹ̀ á là kedere títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá di ọ̀sán gangan, oorun á wá máa fà á. Orí rẹ̀ ti di ajere, gbogbo ohun tí wọ́n bá dà sí i ló ń jò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá ife omi títí ó rẹ̀ ẹ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ló ti bá a. Ìbínú ló tiẹ̀ wá burú jù. Ẹni tó máa ń bá àwọn ọmọ ṣẹ̀fẹ̀ láti ìdí ọkọ̀ ti di ẹni tí ṣíbí tó já bọ́ lásán lè mú gbaná jẹ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wíwà kì í ṣe iṣẹ́ orí, ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láti mú ìnujú. Ègé bébà ló bá níbẹ̀, wẹ́wẹ́. Ó kó wọn dà sínú garawa ìdọ̀tí. Sẹ̀kúríìtì wo bébà náà, ó wo ojú rẹ̀.

"Ìyá Bọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀. Ọ̀gá ti ń retí yín."

"Kó máa retí mi."

Nínú ọgbà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń nu gíláàsì ọkọ̀ kẹrin. Ìyá Bọ́ọ̀sì ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, òun náà ló sì bá a wá iṣẹ́ síbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú tọwọ́ òsì, ọ̀dà ọkọ̀ ti bó, irin ti tẹ̀ wọnú.

"Ta ló fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí ọ̀gá ná."

"Ọjọ́ mélòó lo ti wà á tó o ti fi kọ lu nǹkan? Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì."

Àbúrò rẹ̀ ká àkísà tó fi ń nu gíláàsì. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú, Ìyá Bọ́ọ̀sì rò bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Ife tíì méjì ti wà lórí tábìlì ọ̀gá, wọ́n ṣì gbóná. Ti Ìyá Bọ́ọ̀sì kò ní ṣúgà, bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹnì kan ti bà mí jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ dárúkọ ẹ̀."

"Ẹ sọ tinú yín tán ná."

Ó sọ ọ́, ó ń fapá jánú. Ó ní ojú aláìsàn ni gbogbo wọn fi ń wo òun. Ó ní wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu òun, òun ò sì ní nǹkan míì tó ń mú inú òun dùn láyé ju ọkọ̀ yẹn àti àwọn ọmọ inú ẹ̀ lọ. "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Àbúrò mi ni."

"Òun kọ́."

"Ọkọ mi nìyẹn. Òun ló ń ka iye òru tí mi ò sùn."

"Òun náà kọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kọ lẹ́tà lóòótọ́."

Ọ̀gá wọ awò ojú rẹ̀, ó fa bébà kan yọ nínú àpótí tábìlì, ó kà á sókè. "'Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ ọkọ̀ kẹrin. Lọ́jọ́bọ̀, oorun gbé e lọ nídìí ọkọ̀, ọmọ mọ́kàndínlógún sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ fi iná òsì kọ lu ògiri afárá ló tó jí. Ọmọ kankan kò ṣèṣe. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀.'"

"Irọ́ ni. Ṣé èmi á sùn nídìí ọkọ̀ kí n má rántí?"

Ó já bébà náà gbà, ó fà á ya, ó tún fà á ya, títí ó fi di wẹ́wẹ́. Kò dà á sílẹ̀. Kì í jẹ́ kí ọmọ kankan da ìdọ̀tí sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó kó ègé rẹ̀ sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá kò bínú. Ó tún ṣí àpótí tábìlì, ó mú òmíràn jáde tó bá ti àkọ́kọ́ mu, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, ó sì fi ìka sí ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ọwọ́ tó ti ń kọ orúkọ sínú ìwé ọkọ̀ kẹrin láràárọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Èmi awakọ̀ ọkọ̀ kẹrin ni mo kọ èyí, ní òwúrọ̀ kan tí orí mi pé, bí mo bá gbàgbé, tí mo wá ń bínú, ẹ má gbọ́ tèmi, ẹ ṣáà máa kà á fún mi, kẹ́ ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀ pamọ́, torí mo mọ ara mi, màá fà á ya."