Fíìmù Ọmọ Tó Sun Òfì

Kí la ti mọ̀ nípa Samsudeen? Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ híhun lọ́dọ̀ Bàbá Àmúdà ní Ìsẹ́yìn. Ní èṣín, ó bá ọ̀gá rẹ̀ jà, ó sì sá lọ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó padà, ọ̀gá gbà á, ṣùgbọ́n ó ní òun kò mọ ọjọ́ tí òun yóò fún un ní ìyọ̀ǹda. Láìsí ìyọ̀ǹda, kò lè dá òfì tirẹ̀ sílẹ̀ níbikíbi nínú ìlú. Gbogbo ọ̀dọ́ àdúgbò ló mọ èyí.

Nítorí náà, kò yà wọ́n lẹ́nu nígbà tí Mujeebat, ọmọbìnrin tó ń darí fíìmù, dé láti Ìbàdàn, tó sì mú Samsudeen pé kó ṣe ọ̀dọ́kùnrin alágídí kan tó bínú sun òfì ọ̀gá rẹ̀, tó sá lọ, tó wá padà láti tọrọ àforíjì. Mujeebat ní ìlú yìí ni wọ́n ti sọ ìtàn náà fún òun. Kò sọ ẹni tó sọ ọ́.

"Ìwọ ni wọ́n ń wí," ni Jẹ́ẹ́dé tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ sọ. "Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Ṣáà máa ṣe bí o ṣe máa ń ṣe."

"Èmi ò sun òfì ẹnikẹ́ni rí."

"Fíìmù ni. Wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i."

Ojoojúmọ́ ni Bàbá Àmúdà ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sẹ́yìn kámẹ́rà.  Samsudeen gbà pé bí fíìmù náà ṣe ń gùn sí i ni ìyọ̀ǹda òun ń jìnnà.

Lọ́jọ́ kìíní, nígbà tó sáré gba ọ̀nà Òkèhò, bàbá gbọ́wọ́ sókè.

"Ọ̀nà Ìlerò ló gbà."

"Ọ̀gá, Ṣakí ni mo lọ. Mo wọ bọ́ọ̀sì."

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

Mujeebat ní kí wọ́n gba ọ̀nà Ìlerò.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fẹ́ ya bí òfì ṣe ń jó. Bàbá ní kí wọ́n gbé bẹntiróòlù kúrò. Ó ní kẹrosíìnì inú àtùpà ni, àti pé ọmọ náà kò sá lójú ẹsẹ̀; ó dúró, ó ń wò ó. Mujeebat kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀gá ti di dírẹ́kítọ̀," ni Jẹ́ẹ́dé sọ sí Samsudeen létí.

Ọjọ́ ìkẹyìn ni wọ́n ya àforíjì. Adégbénró, àgbà òṣèré tó ń ṣe ọ̀gá, jókòó sórí àga. Samsudeen dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi," ni Adégbénró wí.

"Kò sọ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Àmúdà wí láti ẹ̀yìn.

"Kí ló wá sọ, bàbá?" ni Mujeebat béèrè.

"Kò dáhùn rárá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà pẹ́ nílẹ̀."

Wọ́n tún un yà. Samsudeen wà nílẹ̀ títí erùpẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn létè. Adégbénró kò sọ nǹkan kan. Mujeebat ní ó tó. Bàbá Àmúdà dìde, ó gba iwájú kámẹ́rà kọjá, ó sì fa Samsudeen lápá.

"Dìde. Sọ fáwọn òbí rẹ kí wọ́n wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Mo fẹ́ fún ọ ní ìyọ̀ǹda."

Samsudeen wo kámẹ́rà. Wọ́n ti pa á.

Bí ẹ bá dé Ìsẹ́yìn, ẹ wá ẹnikẹ́ni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kí ẹ bi í pé ta ló sun òfì ọ̀gá rẹ̀ ní ọdún 1978. Ilé Bàbá Àmúdà ni yóò júwe fún yín.