Òdòdó Tó Ń Buwọ́ Lùwé

Láràárọ̀ tí mo bá ṣí ọ́fíìsì, màá bomi rin Bàbá Onílẹ̀, màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Igi kékeré olódòdó pupa ni Bàbá, inú ìkòkò ló wà. Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé, ìdí nìyẹn tí òfin fi ní òun nìkan ni ọmọ bíbí erékùṣù yìí. Àlejò ni gbogbo àwa yòókù. Àlejò ò sì gbọdọ̀ ṣègbéyàwó, àfi tí onílẹ̀ bá ju òdòdó sórí ìwé rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Alàgbà Ṣówándé ti ń tẹ́ ìwé ọmọ rẹ̀ sábẹ́ igi. Ọ̀la sì ni ìgbéyàwó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi. A ti so màlúù mọ́lẹ̀."

Igi ò mira. Alàgbà yíjú sí mi. "Ẹ jẹ́ n rọra gbọ̀n wọ́n."

"Ẹ fẹ́ gbọn àgbàlagbà jìgìjìgì?" Mo jágbe mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún. Ọ̀gá mi ni. Wọ́n ti rí irú igi wa ní erékùṣù mìíràn. Àlejò ni Bàbá náà! Akàn kan létí òkun, tí kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn, ni onílẹ̀ tuntun, kí Bàbá tètè lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi àti Alàgbà gbé Bàbá sínú ọmọlanke, ìwé ọmọ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ igi. Èrò ti tò lọ rẹrẹ síwájú ihò akàn, ṣùgbọ́n wọ́n yà fún un: àgbà kì í tò sẹ́yìn ọmọdé.

Ọmọlanke kọlu òkúta. Òdòdó mẹ́ta já bọ́ sórí ìwé Alàgbà. Ó fò sókè, ó ń jó.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Àlejò ló buwọ́ lù ú."