Wáyà Tí Gìrìpá Gé Kúrò Lára Ọ̀pá Gíà

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tí ẹlòmíràn máa ń bá yín wà, ẹ dákun, ẹ má fojú fo ìtàn yìí. Ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

1.
Awakọ̀ kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Gìrìpá. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń fi ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kan gbé omi lọ fún àwọn tó ń fọ́ òkúta lórí òkè. Ọ̀nà òkè yẹn burú, ẹrẹ̀ àti àpáta ni. Ìyàwó yìí ló kọ́ ọkọ rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà o, kí ẹ má rò pé ọkọ ló kọ́ ọ! Bó bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, orin ló máa ń kọ. Kò sí iṣẹ́ míràn tó wù ú láyé.

Lọ́jọ́ kan, Gìrìpá gbé táyà ràgàjì mẹ́rin wálé. Ìyàwó ní, "Ọkọ mi, ti tẹ́lẹ̀ ò ṣe wá ní nǹkan kan." Kò gbọ́. Ó fi wọ́n sí ọkọ̀, ọkọ̀ ga fíofío, àdúgbò pariwo, orí Gìrìpá wú. Àfìgbà tí wọ́n gbé omi dé ìdí òkè tí ọkọ̀ ò lè gùn ún. Ẹ́ńjìnnì ń kérora, èéfín dúdú bo ojú ọ̀nà. Àwọn tó ń pariwo lánàá ló tún ń rẹ́rìn-ín.

2.
Gìrìpá gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Gíà, torí kò sí gíà tí kò mọ̀.

"Táyà lo pààrọ̀, o ò pààrọ̀ gíà tó ń yí i," ni Bàbá wí. "Tẹ́lẹ̀, irin tó ń bọ̀ láti ìdí ẹ́ńjìnnì ń yí bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àti àbọ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Táyà ńlá ń fẹ́ agbára. Ká ní títì ọ̀dà lẹ̀ ń rìn ni, díẹ̀ la máa fi kún un. Fún òkè tiyín yìí, ó gbọ́dọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin àti àbọ̀. Tí a bá sì ti pààrọ̀ tẹ̀yìn, dandan ni ká pààrọ̀ tiwájú. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu."

Tẹ̀yìn wà nílẹ̀. Tiwájú ò ní dé títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ̀! Bàbá, ẹ bá mi ṣe tẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ṣáà ló ń ti ọkọ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, etí rẹ dà? Tí ẹ bá fa ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ gíà yìí kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ fà, iwájú á máa bá ẹ̀yìn jà. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ló máa fọ́. Gíà ò ní di ọkọ̀ mú mọ́."

Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, Bàbá ṣe tẹ̀yìn. Ó wá mú wáyà, ó fi so ọ̀pá kékeré náà pinpin. "Ẹ má tú u o. Sọ fún ìyàwó rẹ."

Gìrìpá yà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan yọjú wo inú ọkọ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Gìrìpá, ewúrẹ́ wo lo so mọ́bí?" Ẹ̀rín yẹn dùn ún wọ egungun. Ó gé wáyà náà, ó jù ú sínú gọ́tà.

Ẹnu ilẹ̀kùn ni ìyàwó ti bi í: "Ọkọ mi, ṣé wọ́n ṣe iwájú àti ẹ̀yìn?"

Tó bá sọ òtítọ́, ìyàwó á ní kí ọkọ̀ dúró sílé. Àdúgbò á tún rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti ṣe méjèèjì," ni Gìrìpá dáhùn. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré!

3.
Ọkọ̀ ń gun òkè geere. Ọjọ́ kejìlá, òjò rọ̀ láàárọ̀. Gìrìpá jókòó sídìí òkè pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyàwó ló gbé omi gòkè. Ó ń gbọ́ orin rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ní ìdajì òkè, táyà ẹ̀yìn ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Obìnrin náà ṣe ohun tí awakọ̀ gidi máa ń ṣe: ó fa ọ̀pá kékeré.

Gbàgà!

Orin dá. Ọkọ̀ ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ẹrù omi, bíréèkì ò ká a mọ́. Gìrìpá ń sáré gòkè, ó ń ké, "Yéè! Mo gbé o!" Àpáta ló dá ọkọ̀ dúró. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyàwó rẹ̀ ni irin há mọ́.

4.
Ilé ìwòsàn. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Bàbá Gíà wá kí wọn.

Obìnrin náà ń sunkún. "Bàbá, mo tẹ bíréèkì o. Mo tẹ̀ ẹ́ títí. Àbí èmi ni mi ò mọ ọkọ̀ wà mọ́?"

Bàbá yíjú sí Gìrìpá. "Ta ló tú wáyà?"

"Wáyà wo?" ni ìyàwó bèèrè.

"Èyí tí mo fi so ọ̀pá kékeré, torí a ò tíì ṣe tiwájú," ni Bàbá wí.

 Gìrìpá dojú bolẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyàwó wò ó títí. "Mo bi yín," ló wí. "Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo ti bi yín."

Ó dárí jì í o, wọ́n ṣì jọ ń gbé. Àmọ́ kò kọrin mọ́. Ọkọ̀ kékeré kan ni Gìrìpá ń wà báyìí, ìyàwó á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbi òkè, Gìrìpá á rí i tí itan ọ̀tún ìyàwó ń le gbagidi. Ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ṣì ń tẹ bíréèkì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀: ọkọ ló da eérú, ojú ìyàwó ló bọ́ sí. Ohun tí oníṣẹ́ bá so, ẹ má tú u nítorí ẹ̀rín ọ̀rẹ́. Tí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ jókòó sídìí ọkọ̀ kó tó ṣíná sí i. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí awakọ̀ kan lónìí.

Àwọn àgbà ní, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Gìrìpá ò tilẹ̀ pé ogún ọjọ́.