Ohùn Tí Mẹ́tàálì Ń Fẹ́

Akọrin bú ramúramù sínú maikirofóònù, àmọ́ onígìtá, tó ń gba orin wọn sílẹ̀ nínú yàrá wọn l'Álágbàká, mi orí.

"Ò ń ké bí ewúrẹ́ tójò pa. Orin mẹ́tàálì nìyí, bíbú bíi kìnnìún ló ń fẹ́! Tóo bá tún bà á jẹ́, a máa wá ẹlòmíì."

Ni lánlédì bá já wọlé pẹ̀lú pásítọ̀.

"Ẹ wò ó, sà! Ẹ̀mí tó ń bú nínú ilé mi nìyí!"

Pásítọ̀ gbá akọrin lórí mú. "Mo ní kóo jááádé!" Fèrèsé gbọ̀n. Akọrin kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Onígìtá náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀rọ ti gbà á sílẹ̀. Ṣé ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i?"

Pásítọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo lánlédì, ó húkọ́, ó sì gba maikirofóònù lọ́wọ́ akọrin.