Ọkọ̀ Ìyàwó

"Bàbá, bí ọkọ̀ mi yìí bá húkọ́ lásán, gbogbo iná pupa ojú títì láyé á dọ̀bálẹ̀!"

Àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn, tó wá tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wa. Ẹnu ẹ̀ nìkan fẹ̀ ju gáréèjì lọ.

"Ó ń bá àwọn ọkọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, sà. Kì í purọ́!"

"Ó fi ìyẹn sàn jù ẹ́," ni bàbá wí.

Àfẹ́sọ́nà fìbínú tan ọkọ̀ ẹ̀. Ohùn kan jáde nínú ẹ̀:

"Ọkọ̀ ìyàwó yín ti dé ẹ̀yìn yín."

Gbogbo wa yíjú sí àfẹ́sọ́nà.

"Ó ṣi ohùn pè ni! 'Ọkọ ìyàwó' ló fẹ́ sọ. Èmi náà rèé!"

Fèrè ọkọ̀ dún ní géètì. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ń ké, "Dádì!"

Ọkọ ìyàwó fo ògiri tó ga ju igi àgbọn lọ.

Ọkọ̀ ẹ̀ ké tẹ̀lé e:

"Ẹ rọra o, sà. Eré yín ti pọ̀ jù."