Òjò Inú Ọyẹ́ ní Odigbo

Káfíńtà Ore ṣì ń kan pákó tó yẹ̀ lára ọgbà ẹ̀rọ tó ń wọn òjò nígbà tí aṣojú àwọn òyìnbó London tó ni ẹ̀rọ náà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọyẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira nìyí, eruku sì ti bo ọkùnrin náà látorí dé bàtà.

"Ta ló ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, ọ̀gá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wọn òjò, òun náà ló ń kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ó kọ ọ́ pé òjò ń rọ̀ ní Odigbo ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì."

Káfíńtà wo ilẹ̀ tó sán, ó wo ewé kòkó tó ti rọ. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn.

"Inú wọn dùn gan-an ní London pé òjò ń rọ̀ nínú ọyẹ́," aṣojú ní. "Wọ́n ní kí o kan ọgbà ẹ̀rọ òmíràn sí Ajue. Ṣùgbọ́n tí tọ̀hún ò bá rí òjò bíi tibí, kí o gbàgbé iṣẹ́ wọn."

Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe lọ tán ni Ìyá Àdúrà jáde láti ilé àdúrà ẹ̀gbẹ́ ọgbà, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Ó kúnlẹ̀, ó sì da omi garawa rẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Òjò là ń tọrọ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mi. À ń fi ibi tó máa rọ̀ sí han Ọlọ́run ni."

Káfíńtà fẹ́ pariwo, àmọ́ ó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìjọ yín wà ní Ajue?"